Ẹni Gíga Tí Kò Rí Ilẹ̀

Òórùn ìwé ìròyìn tó ti mu òróró àkàrà ni òórùn ìtàn fún mi títí di òní. Láàárọ̀ Sátidé, màmá mi á rán mi lọ ra àkàrà lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń dín in ní ìkángun àdúgbò wa ní Surulere. Ìyá náà á fa ìwé ìròyìn àná tàbí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ya, á fi wé e fún mi. Kí n tó délé, òróró á ti gba inú ìwé náà kọjá, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn á sì ti hàn síwájú. Bàbá mi kì í jẹ́ ká jù ú nù kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tàbí ìpolówó ọṣẹ, á dá a padà fún wa. Bó bá jẹ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àwọn ìjọba láì dárúkọ wọn, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á fi aṣọ nù ún, á sì gbàgbé pé ebi ń pa àwa.

"Bàbá Mojí, àkàrà ti tutù," màmá mi á wí.

"Jẹ́ kó tutù. Ohun tó wà nínú ìwé yìí ṣì gbóná."

Èmi ni Mojí. Tíṣà ìtàn ni bàbá mi ní ilé-ìwé girama kan ní Yaba, ibẹ̀ náà ni èmi sì ń lọ. Màmá mi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Yàrá méjì àti pálọ̀ la ń gbé, àwa àti àwọn ará ilé yòókù la jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. A kì í ṣe olówó, a kì í sì í ṣe tálákà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a máa ń wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará àdúgbò á sì máa kí bàbá mi, "Tíṣà, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o," bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi í jẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí àkókò yẹn. Ogun abẹ́lé ti parí, epo rọ̀bì ti ń mú owó wá, wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń kọ́ afárá, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé Nàìjíríà ń dìde. Nínú ìwé ìròyìn, òmìrán ni wọ́n máa ń yà á sí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó dé fìlà, tó ń ti orí ìkúnlẹ̀ dìde, tí àwọn yòókù ń gbójú sókè wò ó. Ó ti ń dìde nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ṣì ń dìde láàárọ̀ yìí. N kò mọ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń gbà á.

Bàbá mi ní òun kò ní máa fi ọdún tí ọba jẹ àti ọdún tí ọba wàjà dá ọmọ ọlọ́mọ lágara. Àwòrán ló fi ń kọ́ wa. Ó ní bí orílẹ̀-èdè kan bá ti ń lágbára, àwọn ayàwòrán wà lára àwọn tó máa ń tètè rí i, ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni: ẹni tó wà nílé á rí ọmọ tó ń dàgbà, aládùúgbò á rí olè tó ń bọ̀. Ó ní àwọn àwòrán ilẹ̀ òkèèrè àtijọ́ nínú ìwé kan tó ti gbó, ó sì ní ti ilé tó yọ lára àkàrà. Á fi ṣọ́ọ̀kì yà wọ́n gàdàgbà sójú pátákó, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè rí i.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Sọ ohun tó o rí kó o tó sọ ohun tó túmọ̀ sí. Bèèrè ẹni tó mú kálàmù dání. Bẹ̀rẹ̀ láti igun, má bẹ̀rẹ̀ láti àárín. "Àárín ni ayàwòrán fẹ́ kó o wò," ó máa ń wí. "Igun ló ti máa ń gbàgbé ara rẹ̀." Bí a bá sì ti sọ ohun tó túmọ̀ sí tán, tí a rò pé iṣẹ́ ti parí, á mi orí, á ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ìgbà náà la óò tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún wa láti sọ èdè abínibí nínú ọgbà ilé-ìwé, ẹ mọ ìyà tó wà nídìí ẹ̀. Bàbá mi kò ka òfin yẹn sí níbi àwòrán. Ó ní kí kálukú kọ́kọ́ fi èdè tí ojú rẹ̀ gbọ́ sọ ohun tó rí, kó wá fi òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá nínú wa ń fi pìjìn sọ tiwọn, kò sí ẹni tí wọ́n na.

Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkátù la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mushin ló ti ń wá, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Mo ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ìgbà náà, n kò tíì rí ọmọ tó ríran tó o. Ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe rí ní ilé wọn ní Mushin ló fi ń túmọ̀ gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ya ọmọkùnrin kan sójú pátákó láti inú ìwé àtijọ́ yẹn, ó sì ní kí Sìdíkátù sọ ohun tó rí.

"Sà, mo rí àwọn àgbà mẹ́ta ní igun, inú wọn ò dùn. Mo rí ọmọkùnrin kan tí kóòtù ẹ̀ ti kéré. Apá aṣọ ti sá dé ìgbọ̀nwọ́, bọ́tìnnì ti já."

"Ó dára. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Wọn ò rán aṣọ ọdún fún un, sà. Èyí tó wọ̀ yẹn náà, télọ̀ ẹ̀ ò fi ààyè sílẹ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rántí pé nígbà tiwa, kò sí òbí tó ń rán aṣọ tó ṣe régí mọ́ ọmọ lára. Aṣọ iléyá tàbí ti Kérésì gbọ́dọ̀ lo ọdún mélòó kan, a óò kọ́kọ́ máa wọ́ ọ nílẹ̀ kí a tó dàgbà bá a. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé orílẹ̀-èdè tuntun kan tó ń lágbára ni ọmọ yẹn, pé àwọn orílẹ̀-èdè àtijọ́ ni àwọn àgbà mẹ́ta náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé aṣọ tiwọn ló máa gbà wọ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Sìdíkátù ti bèèrè ohun tí ẹni tó yà á kò bèèrè. Ta ló yẹ kó ti fi ààyè sílẹ̀ fún ọmọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ kejì, àwòrán mìíràn tún dé. Ọkùnrin kan tó dé adé jókòó, àwọn ọba kéékèèké wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Sìdíkátù ní àwọn ọba wọ̀nyẹn jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, wọ́n mọ bí a ti ń kí àgbà. Bàbá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹni tó ya àwòrán náà ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ rí i pé apá wọn ti ká ayé. "Ọ̀kan náà ni ìwólẹ̀," ó wí, "ẹni tó ń wò ó ló yàtọ̀." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kò sì yé mi.

Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kìíní, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ya àwòrán sójú pátákó. Nígbà tí mo fi dé fọ́ọ̀mù kejì, ó ti ń pe ọmọ tó mọ̀ ọ́n yà, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi ọwọ́ sẹ́yìn. A rò pé ó fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n ṣe ni. Nílé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí síta ní ìdájí kí a tó múra ilé-ìwé. Á kó àwòrán fún mi, á jókòó sórí àpótí ní ìta gbàgede, á ní kí n máa sọ ohun tí mo rí fún òun láti igun dé igun. Bí mo bá fo nǹkan kan, á bi mí léèrè. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló wà nílẹ̀?" Mo máa ń ráhùn sínú. Mo rò pé ìyà ọmọ tíṣà ni.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí n kò so pọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá garawa omi. Màmá mi á gbé abọ́ ẹ̀bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàbá mi á sì máa bèèrè oúnjẹ tó ti wà lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. Màmá Káyọ̀dé, tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa, wá bá màmá mi lọ́jọ́ kan ní ìdí ẹ̀rọ omi, ó ní, "Ìyá Mojí, ẹ bá mi bi Tíṣà, kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n kọjá lára mi gẹ́lẹ́ bí ẹni pé igi ni mí." Màmá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní èrò ló pọ̀ lọ́kàn wọn. Láàárín oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti ń lọ kiri àdúgbò pé Tíṣà ti ń gbéra ga.

Ìgbà tí àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, tí wọ́n sì padà dé láì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni mo tó mọ̀ pé nǹkan wà ńlẹ̀. Ìgò oògùn kékeré kan wà lọ́wọ́ màmá mi, èyí tí wọ́n ń kán sójú. Bàbá mi pè mí. Ó mú ìwé ìròyìn, ó ká a bí ọ̀pá, ó gbé e lé mi lójú kan, ó ní kí n di ìkejì.

"Wo màmá ẹ. Kí lo rí?"

"Ojú wọn, sà."

"Kí ló wà lọ́wọ́ wọn?"

N kò rí ọwọ́. N kò rí ilẹ̀, n kò rí àga tí wọ́n jókòó lé, ojú màmá mi nìkan ló wà nínú ihò náà, omi sì ń bọ́ níbẹ̀.

"Bó ṣe rí nìyẹn," bàbá mi wí. Dókítà ti sọ fún un pé àìsàn náà máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú wọ àárín, díẹ̀díẹ̀, láì dunni, àti pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Bí ilé-ìwé bá gbọ́, wọ́n á ní kó lọ jókòó sílé. Kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn, kò tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n. Màmá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ráhùn mọ́ ní ìdájí. Mo máa ń sọ fún un iye ìka tó wà lẹ́sẹ̀ òmìrán.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ ilé tí Sìdíkátù ní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbé páálí ṣọ́ọ̀kì bọ̀ láti ọ́fíìsì, ó pàdé bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó gbé páálí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ariwo ọmọ ilé-ìwé pọ̀ ní gbọ̀ngàn, bàbá mi kò gbọ́. Ó rìn lọ tààrà. Bàtà rẹ̀ gbá ọmọ náà láyà, Sìdíkátù ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ètè rẹ̀ bá etí àtẹ̀gùn, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Bàbá mi di férémù ilẹ̀kùn mú kó má ṣubú. Iwájú ló ń wò. Ó ní, pẹ̀lú ìbínú, "Ta ló gbé àga síbí?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Nígbà tó fi mọ̀ pé ọmọ ni, ọmọ náà ti dìde, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti sá lọ síbi omi.

Bàbá Sìdíkátù wá ní ọjọ́ kejì. Kò pariwo. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dúró ní iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà níbi tí àwọn tíṣà yòókù jókòó sí, èmi náà sì wà níbẹ̀ nítorí wọ́n rán mi wá kó ìwé.

"Tíṣà, mo kí yín o. Bí ọmọ mi ò bá kúnlẹ̀, ẹ nà án, mi ò ní bínú, ẹ ti bá mi tọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ gbá a, ẹ tún pè é ní àga. Èmi ni mò ń ṣe àga, Tíṣà. Mo mọ àga."

Bàbá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọkùnrin náà dúró, ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ. Ọ̀gá àgbà ní ọ̀rọ̀ náà kò ní lè tán síbẹ̀, òun ti gbọ́ oríṣiríṣi ráhùn nípa ìgbéraga, òun á ní kí alábẹ̀wò wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ wá wo kíláàsì náà. Ìnsipẹ́kítọ̀ ni àwa ń pè wọ́n nígbà yẹn, orúkọ náà nìkan tó láti jẹ́ kí ara ilé-ìwé gbóná.

Bí ìwádìí ọ̀hún ti ń bọ̀ yẹn kọ́ ló ń dun bàbá mi jù. Sìdíkátù ti dákẹ́. Ó ń wá sí kíláàsì, ètè rẹ̀ wú, ó ń kọ ohun tí wọ́n bá ní kó kọ, kò nawọ́ sókè mọ́. Bí bàbá mi bá bèèrè pé kí ni ẹ rí, àwọn yòókù á máa dábàá, ọ̀rọ̀ á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Sìdíkátù kò sì kí i mọ́. Tó bá rí i ní ọ̀nà jíjìn, á yà bàrá.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn àwọn òbí mi láti kíṣìnì.

"Ẹ sọ fún wọn," màmá mi wí.

"Bí mo bá sọ, mo ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn."

"Bí ẹ ò bá sọ, ọmọ ọlọ́mọ á gbà pé àga lòun."

 Mo gbọ́ tí bàbá mi ń fi ọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ tí ìnsipẹ́kítọ̀ máa wá, èmi àti bàbá mi ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwòrán ọmọ tí kóòtù rẹ̀ kéré ló yàn. Mo tún un sọ fún un títí tó fi mọ gbogbo bọ́tìnnì tó já. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, màmá mi so táì fún un, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yaba. Kò di ọwọ́ mi mú ní gbangba rí, ṣùgbọ́n ó dì í mú lọ́jọ́ yẹn títí a fi kọjá títì.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ìnsipẹ́kítọ̀, kò burú lójú. Òun àti ọ̀gá àgbà wọlé pọ̀. Kí bàbá mi tó sọ̀rọ̀, ó fa ìwé ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ náà yọ láti abíyá. "Mo gbọ́ pé àwòrán lẹ fi ń kọ́ wọn ní ìtàn. Ẹ fi èyí kọ́ wọn kí n rí i." Ó nawọ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bàbá mi kò mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀. Ọwọ́ náà ń dúró, ojú ọ̀gá àgbà sì ti ń yí padà. Mo dìde, mo gba ìwé náà, mo gbé e síwájú bàbá mi gan-an.

Ó wò ó. Mo mọ ohun tó rí. Ìwọ̀nba fìlà òmìrán ni, ó lè rí imú pẹ̀lú. Ó ní kí ọmọ tó mọ àwòrán yà gbà á, kó yà á sójú pátákó, kó má fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó dúró, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ìró ṣọ́ọ̀kì nìkan la ń gbọ́.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun," ó wí nígbà tí ìró náà dákẹ́. "Kí ni ẹ rí?"

Ẹnìkan ní òun rí àgbá epo. Ẹlòmíràn ní òun rí oòrùn tó ń yọ. Ẹnìkan ní òun rí Nàìjíríà tó dúró ṣánṣán, àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké yí i ká, wọ́n ń tẹríba. Ìnsipẹ́kítọ̀ ń kọ nǹkan. A ti sọ ohun tó hàn sí gbogbo èèyàn tán. Ó pẹ́ kí ọwọ́ kan tó sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá mi kò lè rí i. Mo ní, "Sìdíkátù ni, sà."

Ojú rẹ̀ yí síhà ibi tí a jókòó sí. "Sọ ọ́, Sìdíkátù."

"Sà, mo rí ẹnìkan ní igun nísàlẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkùnrin gíga náà. Bàtà rẹ̀ ti fẹ́ kan án lórí. Ọkùnrin náà ń wo iwájú. Kò wo ilẹ̀."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

 "Ó túmọ̀ sí pé bó ṣe ga tó yẹn, kò ka ẹni tó ń kí i sí."

 Bàbá mi tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn. 

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Lójú ẹni tó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ṣùgbọ́n ayàwòrán kò sọ fún wa bóyá kò fẹ́ rí i ni, àbí kò lè rí i. Sìdíkátù, dìde." Ó dìde. "Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́nu ọ̀nà yìí, mo bèèrè ẹni tó gbé àga síbẹ̀. N kò mọ̀ pé ọmọ èèyàn ni. Ojú mi kò rí ilẹ̀ mọ́, kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Iwájú gan-an ló kù, òun náà sì ń lọ. Bí ọmọ bá ti kúnlẹ̀ fún mi báyìí, ó ti kúrò lójú mi nìyẹn. Ó yẹ kí n ti sọ fún bàbá ẹ nígbà tó wá. Iṣẹ́ mi ni mo ń dáàbò bò. O ò ṣe ohun tí kò dáa. Èmi ni."

Ọ̀gá àgbà dìde, ó tún jókòó. Ìnsipẹ́kítọ̀ fi ìdérí bo bírò rẹ̀. Sìdíkátù ṣe ohun tí èyíkéyìí nínú wa máa ṣe bí àgbà bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, eékún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó ti fẹ́ kan ilẹ̀ kó tó rántí. Ó tún nà tán padà, ó dúró ṣánṣán ní ibi tí ojú bàbá mi lè dé, ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Ó dára. Kí ló wà ní igun kejì?" bàbá mi wí, ó sì ń kọ́ wa lọ títí agogo fi lù.

Wọ́n jẹ́ kó lo táàmù yẹn parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó lọ sinmi. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dáradára fún un, ìnsipẹ́kítọ̀ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun kò tíì rí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ilé ló padà sí. N kò ní parọ́ fún yín pé inú rẹ̀ dùn. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ló ń múra, tó ń so táì fúnra rẹ̀, tó ń jókòó sórí àpótí ní ìta. Ó ń dun èmi náà láti máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ sí ilé-ìwé tó jẹ́ tirẹ̀.

Ní ìsinmi táàmù yẹn, bàbá Sìdíkátù wá sílé wa láti Mushin. Àga kan ló gbé wá, igi rẹ̀ wúwo, ó ní ibi ìgbápálé, ó fá a dán débi pé ọwọ́ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ síwájú bàbá mi, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi kàn án. "Tíṣà, àga nìyí. Ẹ jókòó." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá mi bu omi fún un, òun àti bàbá mi sì sọ̀rọ̀ igi títí oòrùn fi wọ̀.

Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti sọ ọ́ dòfin fún gbogbo ọmọ àdúgbò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí òun. Dúró síwájú mi, sọ orúkọ ẹ. Màmá Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ayálégbé tuntun á kó dé, wọ́n á rí ọmọdé tó dúró gbọnrangandan níwájú àgbàlagbà, wọ́n á sọ sí ara wọn létí pé àwọn ọmọ Surulere ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìtàn ni èmi náà wá kọ́ni. Mo lò ó títí tí irun mi fi funfun. Nígbà kan wọ́n yọ ìtàn kúrò ní ilé-ìwé, nígbà mìíràn wọ́n dá a padà, a kò rí ẹni ṣàlàyé fún wa. Mo ya òmìrán tó ń dìde fún ọmọ tó ti di bàbá ọmọ báyìí, mo tún yà á fún ọmọ rẹ̀. Ó rẹ̀ mí, n kò ní fi pa mọ́ fún yín. Àwọn ọmọ fẹ́ kí n sọ ohun tó túmọ̀ sí kíá kí wọ́n lè kọ ọ́ fún ìdánwò, wọn kò fẹ́ dúró ní igun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì sọ ọ́ fún wọn, nítorí ọ̀sán ti pọ́n, ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì.

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, dókítà Ìdí-Àràbà sọ fún mi pé àìsàn yẹn máa ń rìn nínú ẹbí. Èmi tètè lọ, mo ń kán oògùn tèmi déédéé, ìyẹn ni kò jẹ́ kó yá tó ti bàbá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ti ń lọ. Orí àga tí wọ́n gbé wá láti Mushin yẹn ni mo ń jókòó sí ní ìta. Ọmọ-ọmọ mi, Tímiléyìn, ń gbé fóònù rẹ̀ wá, á ní, "Màmá àgbà, ẹ wo àwòrán yìí." Mo wò ó, òmìrán wa tún ni, fìlà rẹ̀ ni mo rí. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti igun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí mo jẹ́ nígbà náà rí gbogbo igun pátá, kò mọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí. Èmi àgbà tí mo jókòó síbí ti mọ̀ ọ́n tán, mo sì ní láti yá ojú ọmọdé kí n tó rí i.

Ìyá Tímiléyìn kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Láàárọ̀ yìí, mo jáde sí ìta, mo gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, mà" láti ìsàlẹ̀ ibì kan, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo dá ẹsẹ̀ dúró. Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá a nínú afẹ́fẹ́ títí mo fi kan orí rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," mo wí. "Dìde kí n rí ẹ."